Eérú Iná Tí Kì Í Tètè Tutù: Ìtànṣán Inú Ilẹ̀ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Sin Pàǹtí Átọ́ọ̀mù

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan nawọ́ sókè lẹ́nu ẹ̀kọ́ físíìsì lọ́jọ́ kan, ó ní, "Sà, ṣé òótọ́ ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ta ìtànṣán bíi bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ti fi í ránṣẹ́ sí màmá rẹ̀ lórí WhatsApp, màmá sì ti kéde pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé àwọn mọ́. Kí n tó dáhùn, ẹlòmíràn ti gbà á lẹ́nu rẹ̀: òun gbọ́ pé abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń sin pàǹtí iná átọ́ọ̀mù sí, ṣé kò ní gba abẹ́ ilẹ̀ dé kànga wa báyìí?

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ta ìtànṣán lóòótọ́. Ti bọ́ǹbù ni irọ́. Ti kànga sì gba àlàyé tó gùn ju àsìkò kíláàsì lọ, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò lè mọ ìdí tí àwọn ará Finland fi ń gbẹ́ ihò tó jìn ju 400 mítà lọ sínú òkúta. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo kọ síbí, mo fi díẹ̀ kún un.

Kí ni ìtànṣán yìí gan-an?

Gbogbo ohun tó wà láyé, òkúta, omi, ewé, ara ènìyàn, átọ́ọ̀mù ni wọ́n fi kọ́ ọ, bí a ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹrù inú wọn kò dọ́gba, bí apẹ̀rẹ̀ tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ lórí aláàárù. Irú átọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ kì í sinmi títí yóò fi ju díẹ̀ sọ nù nínú ẹrù rẹ̀. Ohun tó ń jù síta yẹn là ń pè ní ìtànṣán. Bó bá ti jù ú tán, ó di átọ́ọ̀mù mìíràn, èyí tó lè fara balẹ̀, tàbí kí òun náà ṣì ní tirẹ̀ láti jù.

Ìtànṣán yìí pín sí oríṣi mẹ́ta tó ṣe pàtàkì. Alpha dà bíi tírélà: ó wúwo, ó lágbára, ṣùgbọ́n kò lè gba ojú ọ̀nà ẹsẹ̀. Bébà kan ṣoṣo ń dá a dúró, awọ ara wa náà tó o. Beta dà bí ọ̀kadà, ó ń rá pálá wọ ibi tí tírélà kò lè dé, ṣùgbọ́n páànù tó nípọn díẹ̀ yóò dá a dúró. Gamma ní tirẹ̀ dà bí ariwo sípíkà ilé àríyá: ẹ ti fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn, ó ṣì ń bọ̀. Òjé tàbí kọnkéré tó nípọn ló lè pa á lẹ́nu. Ẹ má tìtorí pé bébà ń dá alpha dúró kẹ́ ẹ fojú kéré rẹ̀. Tírélà tó wà lójú títì kò ṣe ẹni tó jókòó sí pálọ̀ nǹkan kan, àfi bó bá já wọlé. Bí a bá gbé ohun tó ń ta alpha mì, tàbí tí a fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó ti já wọlé nìyẹn.

Ohun kan ṣì wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ ju gbogbo èyí lọ. Ẹni tó yáná nígbà ọyẹ́, ooru mú un. Nígbà tó dìde nídìí iná, kò gbé iná kankan lọ sílé. Ẹni tí ẹ̀yín iná já sí lápò, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n ya X-ray fún ní ọsibítù, iná ló yá. Kò di ohun tó ń ta ìtànṣán, ẹ lè dì mọ́ ọn bó bá délé. Ṣùgbọ́n bí eruku tó ń ta ìtànṣán bá lẹ̀ mọ́ aṣọ, tàbí tó wọnú omi mímu, ẹ̀yín iná nìyẹn. Gbogbo wàhálà tí wọ́n ń ṣe lórí pàǹtí átọ́ọ̀mù kò ju pé kí ẹ̀yín iná má rìn kúrò níbi tí wọ́n fi í sí.

Ta ló kó o wá sáyé?

Kò sẹ́ni tó kó o wá. Henri Becquerel, onímọ̀ físíìsì ti ilẹ̀ France, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1896, nígbà tí òkúta uranium tó gbé lé àwo fọ́tò tí wọ́n fi bébà dúdú wé ya àwòrán ara rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Marie Curie àti ọkọ rẹ̀ ló wá tẹ̀lé ipa rẹ̀. Wọ́n rí i ni o. Ó ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ ti wà.

Òkúta akọ, irú èyí tó wà ní Ìdànrè àti Olúmọ, ní uranium díẹ̀, thorium díẹ̀ àti potassium nínú. Ẹni tó gun Olúmọ gba ìtànṣán díẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá tó sá sábẹ́ rẹ̀ nígbà ogun náà gba tiwọn, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn wọn lọ́jọ́ náà kì í ṣe ìtànṣán. Ní Guarapari, ní etíkun Brazil, iyanrìn dúdú kan wà tí thorium inú rẹ̀ pọ̀ débi tí ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán máa ń ké fatafata lórí rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń rìnrìn-àjò lọ fi iyanrìn náà bo ara wọn, wọ́n ní ó dára fún làkúrègbé. N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Potassium ló wà nínú rẹ̀, ó sì wà nínú iṣu àti ẹ̀wà pẹ̀lú. Díẹ̀ kín-ún nínú potassium gbogbo ayé ló jẹ́ irú tó ń ta ìtànṣán. Nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, nǹkan bí átọ́ọ̀mù 15 ló ń ju tiwọn sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó dà bíi pé ó pọ̀. Nínú ara àgbàlagbà kan, potassium nìkan ń ju èyí tó lé ní 4,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Bí màmá akẹ́kọ̀ọ́ mi bá fẹ́ lé ohun tó ń ta ìtànṣán jáde nílé, ọkọ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ lé. Ara pàápàá kì í tọ́jú potassium pa mọ́: èyí tó bá ti pọ̀ jù, ìtọ̀ ló ń bá lọ.

Èyí tó yẹ kí ènìyàn kà sí ni radon. Afẹ́fẹ́ ni, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, inú ilẹ̀ olókùúta ló ti ń jáde. Nínú gbogbo ìtànṣán àdánidá tí ènìyàn ń gbà lọ́dún, nǹkan bí ìdajì ló wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ti fèrèsé pa nítorí òtútù, ó máa ń kó jọ sínú ilé, ó sì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Cornwall tàbí Devon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti wọn radon ilé yín rí. Ìlú olókùúta akọ nìyẹn. Fún àwa tí fèrèsé wa ń ṣí láti àárọ̀ dalẹ́, afẹ́fẹ́ ń gbá a lọ.

Ṣé ó máa ń tán?

Mo gé páálí sí wẹ́wẹ́ 100, mo fi yíǹkì kun ojú kan ẹyọ kọ̀ọ̀kan. A kó wọn sínú igbá, a gbọ̀n wọ́n, a dà wọ́n sórí tábìlì. Gbogbo èyí tó bá kọjú dúdú sókè ti ju ẹrù rẹ̀ nìyẹn, a ṣà á kúrò. Lẹ́yìn ìgbà kìíní, ó ku 53. Lẹ́yìn ìkejì, ó ku 26. Lẹ́yìn ìkẹta, 12. Kò sẹ́ni tó lè sọ páálí tó máa kàn, ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì ti mọ̀ pé nǹkan bí ìdajì ni yóò lọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni átọ́ọ̀mù. Àsìkò tí ìdajì wọn fi ń lọ là ń pè ní àkókò ìdajì. Ti oríṣi átọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ iodine-131 jẹ́ ọjọ́ 8. Ti caesium-137 jẹ́ ọdún 30. Ti plutonium-239 jẹ́ ọdún 24,100. Ti uranium-238, èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀, jẹ́ bílíọ̀nù ọdún 4.5.

Ibí ni ẹ̀rù ti máa ń bà ènìyàn lọ́nà òdì. Ẹ fún ahun ní mílíọ̀nù náírà kan, kẹ́ ẹ fún onínàákúnàá ní mílíọ̀nù kan. Ti onínàákúnàá yóò tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo àdúgbò yóò sì gbọ́. Ahun ń yọ náírà kan kan, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ó lówó. Átọ́ọ̀mù tó ń lo bílíọ̀nù ọdún, ahun ni: ohun tó ń jù síta ní ọjọ́ kan kò tó nǹkan. Èyí tí ìdajì rẹ̀ ń lọ ní ọjọ́ 8 ló ń jó bí iná ọyẹ́. Àwọn tó ń kó wàhálà báni jù ni àwọn tó wà láàárín: wọ́n lágbára tó láti pani lára, wọ́n sì ń pẹ́ ju ìgbà ayé ènìyàn lọ.

Kí ni pàǹtí ọ̀hún?

Ní ilé iṣẹ́ tó ń fi átọ́ọ̀mù ṣe iná mànàmáná, uranium tí wọ́n fi ń dáná rí bí kóró kékeré, kò ju orí ìka lọ. Kóró kan ń mú ooru wá tó ti èédú tọ́ọ̀nù kan. Lẹ́yìn bí ọdún 3 sí 6, wọ́n yọ ọ́. Kò jó di lẹ́búlẹ́bú, kò yí àwọ̀ padà lọ títí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti kún fún átọ́ọ̀mù tuntun tí ẹrù wọn kò dọ́gba rárá.

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Eérú igi ti kú, a lè fi fọ abọ́, a lè fi se ọṣẹ dúdú. Eérú iná átọ́ọ̀mù kò tíì kú. Ó gbóná débi pé inú omi jíjìn ni wọ́n ń rì í sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí omi máa tù ú, kó sì máa dí ìtànṣán rẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ìtànṣán rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ dé bí ìdá kan nínú 1,000 èyí tó ní lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́: àwọn onínàákúnàá ti ná tiwọn tán. Ìyókù ni yóò gba ohun tó ju 100,000 ọdún lọ kó tó padà dọ́gba pẹ̀lú uranium tí wọ́n wà láti inú ilẹ̀.

Níbo ni kí wọ́n wá kó o sí? Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti da àgbá pàǹtí sínú òkun láti 1946 títí ayé fi fòfin dè é pátápátá ní 1993. Àwọn kan ní kí wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e lọ sójú òfurufú. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó bá bú gbàmù lójú ọ̀nà ti pín in fún gbogbo ayé. Bí wọ́n bá sì fi í sórí ilẹ̀ tí ọlọ́pàá ń ṣọ́ ọ, ìjọba wo lẹ mọ̀ tó lo 10,000 ọdún rí? Abẹ́ ilẹ̀ ló kù.

Ilẹ̀ ti dá irú iná yìí rí, ní Gabon

Ní 1972, ní Pierrelatte ní ilẹ̀ France, ẹni tó ń wọn uranium rí i pé ìṣirò kò pé. Oríṣi uranium kan wà tó dára fún dídá iná, uranium-235 ni. Níbikíbi tí wọ́n bá ti wa uranium, ìwọ̀n rẹ̀ nínú 100 kì í yẹ̀ ní 0.720, ì báà jẹ́ òkúta tí wọ́n gbé wá láti inú òṣùpá. Èyí tó wá láti Oklo, lẹ́bàá Franceville ní Gabon, jẹ́ 0.717. Ó dà bí ìgbà tí náírà mẹ́rin bá dín nínú ẹgbẹ̀rún kan. Nínú iṣẹ́ mìíràn, wọn ì bá ti gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n irú nǹkan yìí ni wọ́n ń fi ṣe bọ́ǹbù, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ dín láìmọ ibi tó gbà lọ. Wọ́n bá tọpa rẹ̀ dé inú kòtò ìwakùsà, wọ́n sì bá apá ibì kan tí tibẹ̀ tún dín ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Kò sẹ́ni tó jí i. Ó ti jó. Ní bíi bílíọ̀nù ọdún 2 sẹ́yìn, nígbà tí kò sí igi, kò sí ẹran, kò sí ènìyàn, ìwọ̀n uranium-235 nínú ilẹ̀ ṣì tó bíi 3 nínú 100, bí èyí tí ilé iṣẹ́ iná òde òní ń lò. Omi wọ inú òkúta tí uranium kó jọ sí, iná átọ́ọ̀mù sì gbiná fúnra rẹ̀. Omi ṣe kókó níbẹ̀, nítorí òun ló ń dẹ eré àwọn ohun tín-ín-rín tó ń la átọ́ọ̀mù kan tẹ̀lé èkejì. Bí iná bá wá gbóná jù, omi á hó, á gbẹ, iná á kú. Bí ibẹ̀ bá tutù, omi á ṣàn padà, iná á tún gbiná. Ẹ ti rí ìkòkò ẹ̀wà tó hó dà sórí iná, tó pa iná ara rẹ̀? Òun náà ni, àfi pé kò sí ìyá tó ń wá tún un dá. Ó ń jó fún bí ìṣẹ́jú 30, ó ń sinmi fún bíi wákàtí méjì àbọ̀, bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọdún, ní ibi tó lé ní mẹ́wàá lágbègbè náà. Paul Kuroda, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Japan, ti ṣírò rẹ̀ ní 1956 pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀.

Níbo wá ni eérú rẹ̀ lọ? Plutonium tó ṣẹ̀dá níbẹ̀ ti parẹ́ tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ ṣì wà nínú òkúta, ó sì fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Kò sí àgbá irin, kò sí kọnkéré. Amọ̀ àti òkúta ló mú un dúró, pẹ̀lú omi tó wà níbẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dúró. Caesium àti àwọn afẹ́fẹ́ kan sá jáde, nítorí bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ní Oklo ti parí àríyànjiyàn ti sáré jù. Ohun tí Oklo sọ ni pé bí amọ̀ àti òkúta bá dára, èyí tó ń pẹ́ jù nínú pàǹtí náà kì í fẹ́ rìn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sin ín ní Finland?

Ní erékùṣù Olkiluoto, ní ìwọ̀ oòrùn Finland, wọ́n ti gbẹ́ ibi kan tí wọ́n ń pè ní Onkalo. Ihò ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wọn. Ìgbìmọ̀ ìlú Eurajoki tó ni ilẹ̀ náà ní agbára láti sọ pé rárá. Wọ́n dìbò ní 2000, wọ́n gbà á. Ilé aṣòfin fọwọ́ sí i ní 2001, gbígbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ó sì ti dé bíi 430 mítà nínú òkúta tó ti wà fún ohun tó tó bílíọ̀nù ọdún 1.9. Òfin Finland ní pàǹtí tí wọ́n ṣe nílé, ilé ni kó sùn, wọn kò sì gbọdọ̀ gba ti ẹlòmíràn wọlé. Èyí wù mí púpọ̀. Ẹni tó jẹun ló ń fọ àwo.

Kóró uranium náà fúnra rẹ̀ le bí àwo tánganran, kì í tètè yòrò nínú omi. Wọ́n á kó o sínú irin, wọ́n á fi bàbà tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 wọ irin náà láṣọ. Wọ́n á sọ ọ́ sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà, wọ́n á sì fi amọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní bentonite yí i ká. Ẹ ti bu omi díẹ̀ sí gààrí nínú ife rí, tó wú títí kò fi sí àyè kankan mọ́? Bí amọ̀ yìí ṣe ń ṣe nìyẹn. Omi tó bá wá láti ba bàbà jẹ́ ló ń mú kí amọ̀ wú, kó sì dínà mọ́ omi náà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n á dí ọ̀nà náà pa. Ẹ̀ṣọ́ kankan kò ní dúró níbẹ̀. Wọ́n ti ṣe é kó lè wà bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó ń wò ó, kódà bí yìnyín tó nípọn tó kìlómítà méjì bá tún bo ilẹ̀ wọn bó ṣe bò ó láyé àtijọ́.

Ní ti kànga, omi tó wà ní irú ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn, ó ti wà lójú kan fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún. Kànga ilé wa kì í jìn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ibẹ̀. Kò sì sí omi abẹ́ ilẹ̀ tó ń rìn láti Finland wá sílẹ̀ Yorùbá.

Ṣé kò lè yíwọ́?

Ó ti yíwọ́ rí, ó sì tọ́ kí ẹ gbọ́. Ní Asse ní Jámánì, inú kòtò iyọ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kó àgbá pàǹtí tó lé ní 120,000 sí láàárín 1967 sí 1978. Omi ń jò wọlé báyìí, ìjọba sì ń wá ọ̀nà láti kó gbogbo rẹ̀ jáde. Ibi tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò, wọn kò wá ibi tó yẹ.

Ti Amẹ́ríkà ló pa mí lẹ́rìn-ín tó tún dùn mí. Nítòsí Carlsbad ní New Mexico, wọ́n ń sin pàǹtí iṣẹ́ bọ́ǹbù sínú iyọ̀ tó jìn ní 655 mítà. Ibẹ̀ dára, iyọ̀ náà ti wà fún mílíọ̀nù ọdún 250. Ní oṣù kejì 2014, àgbá kan gbóná, ó bẹ́, ìtànṣán sì jáde. Kí ló fà á? Àwọn tó di àgbá náà máa ń fi irú iyanrìn tí wọ́n ń dà fún ológbò láti yàgbẹ́ sí fa omi inú pàǹtí mu. Amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan yí i sí èyí tí wọ́n fi àlìkámà ṣe. Àlìkámà pàdé kẹ́míkà tó wà nínú àgbá, ó di ìjà. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí ibẹ̀ tó ṣí padà. Òkúta kò ṣẹ̀, ènìyàn ló ṣẹ̀.

Àwa ńkọ́?

Nàìjíríà kò ní ilé iṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù kékeré kan wà ní Zaria láti 2004 fún ìwádìí, wọ́n sì ti kó èyí tó lágbára jù nínú uranium rẹ̀ padà sí Ṣáínà ní 2018. Ìdí tí ọ̀rọ̀ pàǹtí fi ń ká wa lára ni Koko, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Delta, níbi tí àgbá ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó kún fún májèlé láti Ítálì ti wọlé ní 1988. Kẹ́míkà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú àwọn ènìyàn tọ́. Láti ọdún náà, ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin Nàìjíríà sọ fún ẹni tó bá gbé irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ wọlé.

Ohun tó lè kàn wá ní tòótọ́ kéré, ó sì wà nítòsí. Ní Goiânia ní Brazil, ní 1987, àwọn ọkùnrin méjì wọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti pa tì, wọ́n tú ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ, wọ́n tà á fún ẹni tó ń ra irin àlòkù. Ìyẹ̀fun caesium inú rẹ̀ ń tàn bí iná búlúù lóru. Wọ́n pè ẹbí àti ọ̀rẹ́ wá wò ó, wọ́n fi ra ara. Ènìyàn 4 kú, ó sì lẹ̀ mọ́ ara 249. Bí ẹ bá rí irin tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, tó ní àmì dúdú bí abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta lórí àwọ̀ ìyeyè, ẹ má tú u, ẹ má tà á. Ẹ jìnnà sí i, kí ẹ sì pe ọlọ́pàá. Nigerian Nuclear Regulatory Authority ni àjọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ta ni yóò sọ fún àwọn tó ń bọ̀?

Ìbéèrè yìí ni kíláàsì mi fẹ́ràn jù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pe àwọn onímọ̀ èdè, ayàwòrán àti onímọ̀ ìtàn jọ pé kí wọ́n wá àmì tí ẹni tó bá wá ní 10,000 ọdún sí i yóò rí, tí yóò sì mọ̀ pé kò yẹ kóun gbẹ́ ibẹ̀. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn baba wa ní àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ. Ọ̀kan nínú wọn dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá, kò ní gbọ́ "ẹ̀fà" nínú ẹyọ mẹ́fà, ẹ̀gbà ọrùn lásán ni yóò fi ṣe.

Mo ní kí wọ́n ya tiwọn wá. Ọ̀pọ̀ ya agbárí òkú àti egungun méjì. Ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ya nǹkan kan. Ó ní, "Sà, bí wọ́n bá rí àmì ńlá lórí ilẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ ẹ tí wọ́n bá bàbà, ṣé wọn ò ní rò pé sàréè ọba ni, kí wọ́n máa wá wúrà lọ?" Aago lù kí n tó rí èsì fún un, mi ò sì tíì rí i títí di òní.